Ta ló kọ́ ta ní speedway, àlejò àbí onílé?

Ìbéèrè tó wọlé nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtòsí Ilderton Road ní London níbí là ń gbé. Wọ́n fún ọmọ mi obìnrin níṣẹ́ ní iléèwé pé kó kọ ìtàn àdúgbò ẹ̀. Bàbá òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa wá sọ fún un pé pápá koríko tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù yẹn, pápá ìdíje máṣìnì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé àwọn ará Australia àti Amẹ́ríkà ló wá ń fi máṣìnì tí kò ní bíréèkì sáré níbẹ̀, wọ́n sì ń na àwọn òyìnbó ibí bí ẹni lu bàrà. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tó jẹ́ àlejò ló mọ̀ ọ́n ju onílé lọ? Àbí wọ́n kàn fowó rà wọ́n wá bí wọ́n ṣe ń ra agbábọ́ọ̀lù báyìí ni? Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi lọ kọ irọ́."

Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè kó o tó jẹ́ kí ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá ìsàlẹ̀ yín ò parọ́, àmọ́ ìdajì ìtàn ló sọ. Bó ṣe yé mi, ohun tó ń jẹ ọ́ lọ́kàn gan-an kì í ṣe bóyá pápá wà níbẹ̀ àbí kò sí, ohun tó ò ń rò ni pé báwo ni èèyàn á ṣe ti òkè òkun dé tá á wá máa na onílé nínú ilé ẹ̀, ṣé ẹ̀jẹ̀ wọn ló yàtọ̀ ni, àbí owó ló ṣe é, àbí orí wọn ló gbóná ju ti àwọn tibí lọ. Mo ti gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́nu àwọn èèyàn. Èmi ti ń tún máṣìnì ṣe ní London láti nǹkan bí 1985, ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ló kọ́kọ́ mú mi lọ wo speedway, eré máṣìnì tí bàbá yẹn ń sọ gan-an, ní Hackney Wick, alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń sá a níbẹ̀, àwọn bàbá arúgbó kan sì wà tí wọ́n máa ń jókòó síbì kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bírò lọ́wọ́, ìwé ètò lórí eékún, tí wọ́n bá ti sá ọ̀kan tán báyìí wọ́n á kọ ẹni tó ṣe kìíní àti ẹni tó ṣe kejì sílẹ̀. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ púpọ̀ nínú àwọn orúkọ tí mo fẹ́ dá yìí, kí n tó lọ wá a kà fúnra mi.

Pápá koríko yẹn, Bridgehouse Meadows ni wọ́n ń pè é báyìí. New Cross Stadium ló wà níbẹ̀ nígbà yẹn, ẹ̀gbẹ́ pápá àtijọ́ ti Millwall, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yẹn, gan-an, ọdún 1934 sì ni tíìmù tó ti ń sáré ní Crystal Palace kó wá síbẹ̀. Ó kéré púpọ̀, yáàdì 262 ni yíká kan, ìyẹn ni wọ́n ṣe fún un ní ìnagijẹ Frying Pan, agbada tá a fi ń dín àkàrà, torí bí máṣìnì mẹ́rin bá ti wọ inú ẹ̀ kò síbi tí ẹnì kankan lè sá sí. Tíìmù yẹn gba ife líìgì ní 1938, wọ́n sì tún gbà á ní 1948. Lọ́dún 1937, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń gùn fún wọn, Jack Milne, ará Pasadena ní California, gba ipò kìíní gbogbo àgbáyé. Nítorí náà ọmọ ẹ lè kọ ọ́ láìbẹ̀rù pé ẹni tó gba ipò kìíní lágbàáyé máa ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ níbi tí òun ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ bíréèkì, torí òun ló ń jẹ́ káwọn èèyàn máa rò pé wèrè ló ń ṣe wọ́n. Òótọ́ ni, máṣìnì speedway ò ní bíréèkì, jíà kan ṣoṣo ló ní, òsì nìkan ni wọ́n máa ń yà, ráídà mẹ́rin ló ń sá a pọ̀, yíká mẹ́rin, kò sì gùn ju ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ lọ. Àmọ́ kì í ṣe pé wọ́n yọ bíréèkì kúrò kí wọ́n lè para wọn o. Bí ẹni tó wà níwájú bá ní bíréèkì tó sì tẹ̀ ẹ́ lójijì nínú kọ́nà, àwọn mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á gorí ẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n fi ń dín eré kù ni ẹ̀yìn máṣìnì tó ń yọ̀ síta yẹn, táyà ẹ̀yìn á máa ha ilẹ̀ kiri, eruku á máa tú, táyà iwájú á kọjú sọ́tùn-ún nígbà tí gbogbo máṣìnì ń yí sósì. Mo gun ọ̀kan rí, ẹ̀ẹ̀mejì, níbì kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé, ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé gbogbo nǹkan tí ara ń sọ fún èèyàn pé kó ṣe, òdìkejì ẹ̀ ló tọ́. Tó o bá ń dé kọ́nà, ara ẹ á ní kó o dín epo kù. Tó o bá dín in kù báyìí táyà á di ilẹ̀ mú, máṣìnì á nà dúró gbọnrangandan, igi ọgbà ló ń gbé ẹ lọ tààrà. Ohun tó yẹ kó o ṣe ni kó o tún fún un lépo sí i, kó o gbé ara ẹ lé e, kó o jẹ́ kí ẹ̀yìn lọ. Mo ti ń gun máṣìnì láti Ìbàdàn kí n tó dé ibí, gbogbo ohun tí mo mọ̀ látẹ̀yìnwá ò wúlò fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló ń kọ́ nǹkan yìí, ìwé ò lè kọ́ ọ, o gbọ́dọ̀ ti ṣe é títí kí ara tó gbà pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Di ìyẹn mú, torí òun ni mo fi máa dáhùn gbogbo ìyókù.

Ní 15 December 1923, ní West Maitland ní New South Wales, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Johnnie Hoskins, ọmọ New Zealand tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń ṣe àfihàn iṣẹ́ àgbẹ̀ ìlú náà, gbé ìdíje máṣìnì kalẹ̀ lálẹ́ lábẹ́ iná mànàmáná kí owó lè wọlé fún ẹgbẹ́. Hoskins pẹ́ láyé, gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ náà ló sì ń sọ pé òun lòun dá speedway sílẹ̀. Èmi ò gbà á tán, torí wọ́n ti ń sá máṣìnì lórí pápá yíká tí kò lọ́dà ní Amẹ́ríkà tipẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn, Australia fúnra ẹ̀ náà ti ń ṣe ohun tó jọ ọ́. Àmọ́ ohun tí kò ṣeé jà sí ni pé Australia ló ti di nǹkan tí èrò ń san owó wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó dé Newcastle, nígbà tó fi máa di 1926 ó ti wà ní Sydney àti Brisbane, ní 1927 ó dé Perth. Ẹ̀ẹ̀rùn wọn lọ́hùn-ún sì gùn, ráídà kan lè sáré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mélòó kan láìdúró.

England ńkọ́? Wọ́n gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ní 1927, àmọ́ 19 February 1928 ni gbogbo èèyàn ń kà sí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu, ní High Beech nínú igbó Epping, lẹ́yìn ilé ọtí kan tó ń jẹ́ King's Oak. Àwọn tó ṣètò ẹ̀ ń retí ẹgbẹ̀rún mélòó kan, àwọn tó sì ka èrò ọjọ́ náà ń sọ pé ó tó 30,000, àwọn èèyàn gun orí igi, wọ́n kún inú pápá fúnra ẹ̀. Ọmọ Australia méjì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, Billy Galloway àti Keith McKay. Àwọn olówó rí i pé ọjà dé. Ohun kan tún wà tó jẹ́ kó yára, eré ajá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú ní 1926 nígbà yẹn, wọ́n ń kọ́ pápá eré ajá káàkiri, pápá náà á sì máa wà lófo láwọn ọjọ́ tí ajá ò bá sáré. Pápá ti wà, iná ti wà, àga ti wà, èrò ti ṣe tán, ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn ni kò sí. Kí lo fẹ́ kí wọ́n ṣe? Wọ́n kọjú sí ibi tí ẹni tó mọ̀ ọ́n wà. A.J. Hunting, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣètò eré náà, kó àwọn ọmọ Brisbane wá, Vic Huxley àti Frank Arthur wà nínú wọn, Hoskins náà kó tiẹ̀ wá láti Perth, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ron Johnson wà níbẹ̀, mà á padà sórí ẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni gbogbo wọn wọ̀, bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà lórí omi, máṣìnì wọn nínú ikùn ọkọ̀.

Ìgbà tí wọ́n dé yẹn ni bàbá ìsàlẹ̀ yín ń sọ, tàbí kí n sọ pé ohun tí bàbá tiẹ̀ náà sọ fún un ló ń sọ. Lóòótọ́ wọ́n na àwọn ará ibí, ìnà tó le ni. Àmọ́ ro ohun tí mo sọ nípa ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Huxley ti fi ọdún kan ó lé ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀, ọmọ England tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ fẹ́ sáré lè jẹ́ pé oṣù tó kọjá ló kọ́kọ́ gun ún, tàbí ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀kan ti jẹ́ kí ẹ̀yìn lọ nígbà àìmọye, èkejì ṣì ń bá ẹ̀rù ara ẹ̀ jà nínú kọ́nà. Àwọn tó ń darí eré náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ní 1929 nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje fún àwọn ìràwọ̀, wọ́n pín in sí méjì, ti àwọn ará òkè òkun lọ́tọ̀, ti àwọn ọmọ Britain lọ́tọ̀, wọ́n ní kò dáa ká da wọ́n pọ̀. Frank Arthur gba ti àlejò, Roger Frogley gba ti onílé.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí nìyí, torí ibẹ̀ lo ti máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ kọ́ rárá. Ọdún kan péré ni wọ́n fi pín in. Ní 1930 wọ́n dà á pọ̀, Huxley ló gbà á, ní 1931 ọmọ Amẹ́ríkà kan, Ray Tauser, ló gbà á. Àmọ́ ní 1932 Eric Langton, ọmọ England, ní 1933 Tom Farndon, ọmọ England, 1934 Jack Parker, 1935 Frank Charles, ọmọ England ni gbogbo wọn. Ìdíje orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè náà bákan náà, 30 June 1930 ni England àti Australia kọ́kọ́ pàdé ní Wimbledon, Australia fi 35 sí 17 lù wọ́n, ìtìjú gbáà ni, àwọn èèyàn rò pé ó ti parí nìyẹn. Ìdíje mẹ́rin tó kù lọ́dún yẹn, England ló jẹ gbogbo ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé bí wọ́n ṣe bí wọn ló fà á, kò lè tán láàárín ọdún méjì. Ìgbà tí àwọn ọmọ ibí náà ti ń gùn ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń wo ẹ̀yìn Huxley lójoojúmọ́, ara tiwọn náà gbà á. Nítorí náà lọ́dún 1928 àti 1929, bẹ́ẹ̀ ni, àlejò ló kọ́ onílé.

O lè wá bi mí pé tí onílé bá ti mọ̀ ọ́n, kí ló dé tó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje àgbáyé ní Wembley ní 1936, àlejò náà ló tún ń gbà á? Ìbéèrè tó dáa ni, òun sì ni àwọn èèyàn máa ń fi gbé èmi náà. Ní 1936 Lionel Van Praag láti Australia ló gbà á, ní 1937 Jack Milne tiyín ṣe kìíní, Wilbur Lamoreaux ṣe kejì, Cordy Milne tó jẹ́ àbúrò Jack ṣe kẹta, ọmọ Amẹ́ríkà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní 1938 Bluey Wilkinson láti Australia, tòun ti èjìká tí wọ́n fi báńdéèjì dì. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa. Ní 1936 yẹn, máàkì Van Praag àti Eric Langton jọ dọ́gba, wọ́n ní kí àwọn méjèèjì tún un sá, Langton ló wà níwájú títí dé kọ́nà tó gbẹ̀yìn kí Van Praag tó rí àlàfo kékeré kan gbà kọjá. Bluey Wilkinson gan-an jẹ gbogbo máárààrún tó sá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹnì kankan ò na án, síbẹ̀ kẹta ló ṣe, torí wọ́n ń ka máàkì tí èèyàn ti kó jọ ṣáájú mọ́ ọn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ti tín-ín-rín gan-an.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni owó ọkọ̀. Kò sí tíìmù England tó máa san owó ọkọ̀ ojú omi láti Sydney tàbí láti California fún ẹni tí kò tíì dá ara ẹ̀ hàn, ráídà tó bá sì fẹ́ san án fúnra ẹ̀, á ti mọ̀ pé òun dáa tó kó tó fi oṣù kan ó lé jókòó sínú ọkọ̀. Ẹni tó kéré dúró sílé. Ní England, gbogbo ẹni tó ń gùn ún lò ń rí, èyí tó dáa, èyí tó burú, èyí tó wà láàárín. Àgbẹ̀ tó bá ń lọ sọ́jà, iṣu tó tóbi ló ń kó sórí, ẹni tó wà lọ́jà tó bá wá rò pé gbogbo iṣu oko náà ló rí bẹ́ẹ̀ ti ṣi í rò. Àwọn àlejò tó wá tí kò sì já mọ́ nǹkan kan pọ̀ o, àwọn tó sáré ní pápá méjì mẹ́ta tí wọ́n sì wọ ọkọ̀ padà, kò sẹ́ni tó rántí orúkọ wọn, ìyẹn ló ṣe dà bíi pé gbogbo ẹni tó wá ló jẹ́ akọni.

Ojú ọjọ́ náà wà níbẹ̀. Speedway ti ibí, ìgbà tí òtútù bá ti lọ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, bí April, á parí ní October. Ìgbà tó bá parí níbí ló ń bẹ̀rẹ̀ ní Australia. Àlejò tó bá ń lọ tó ń bọ̀, oòrùn ló ń tẹ̀ lé, ọdún kan tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọdún méjì ẹni tó fi máṣìnì sílé nígbà òtútù. Àwọn ọmọ England tó gbọ́n náà wọ ọkọ̀ lọ sọ́hùn-ún, wọ́n sì padà dé tí ọwọ́ wọn ti mú sí i. Èwo ló pọ̀ jù nínú ẹ̀bùn, owó ọkọ̀ àti ẹ̀ẹ̀rùn méjì lọ́dún, mi ò lè fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n fún ẹ, kò sí bí èèyàn ṣe lè ya wọ́n sọ́tọ̀ lára ẹnì kan ṣoṣo. Tó o bá ní kí n mú ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀rùn méjì ni mà á mú, torí ohun tójú mi rí lára àwọn tí mo tún máṣìnì wọn ṣe.

Lórí ọ̀rọ̀ rírà bí agbábọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Níbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pe eléré síbi ìnáwó ló rí. Kí líìgì tó fìdí múlẹ̀, pápá kọ̀ọ̀kan á pe ẹni tí orúkọ ẹ̀ ń dún, á san owó fún un kó sáà fara hàn, bóyá ó jẹ bóyá kò jẹ. Ẹni tí wọ́n ń dárúkọ jù ni Sprouts Elder, ọmọ Amẹ́ríkà láti Fresno ní California, ó ga fíofío, ẹsẹ̀ ẹ̀ òsì á nà sẹ́yìn gbọọrọ lórí ilẹ̀ tí eruku á máa tú lẹ́yìn ẹ̀, àwọn èèyàn ò rí irú ẹ̀ rí. Ó ti sáré ní Australia àti Argentina náà. Wọ́n ń kéde pé owó tó ń gbà lálẹ́ ọjọ́ kan ju ohun tí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ń gbà fún oṣù mélòó kan. Bó ti wù kó rí, àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ló ń kéde iye yẹn, owó ńlá lẹ́nu wọn sì jẹ́ ara ohun tó ń mú èrò wá, nítorí náà má ṣe jẹ́ kí ọmọ kọ iye kankan sílẹ̀. Ohun tó dájú ni pé owó àwọn ìràwọ̀ wọ̀nyẹn wà lára ohun tó ti pápá kéékèèké ṣubú láàárín ọdún méjì mẹ́ta, èrò ò lè bo owó tí wọ́n ń san. Elder alára padà sílé, ó lọ di ọlọ́pàá ojú títì ní California. Ìnagijẹ wọn náà jẹ́ ara ọjà: Billy Lamont láti Newcastle ti Australia, "Cyclone" ni wọ́n ń pè é, ìjì líle. Nígbà tí líìgì wá fìdí múlẹ̀, ó yí padà, ráídà ti wà pẹ̀lú tíìmù kan, máàkì tó bá gbà ni wọ́n ń san owó lé lórí, ìyẹn sì sún mọ́ agbábọ́ọ̀lù díẹ̀.

Ibi tí onílé ti kọ́ àlejò nìyí báyìí, èyí tí bàbá ìsàlẹ̀ yín fò. Gbogbo ẹsẹ̀ tí Elder ń nà sẹ́yìn yẹn, pápá ńlá tí eérú àti yanrìn ẹ̀ jìn ló bá a mu, pẹ̀lú máṣìnì Douglas tó gùn tó sì rẹlẹ̀, òun ni wọ́n ń gùn jù ní 1928 sí 1929. Pápá England kúrú, kọ́nà wọn sì há. Láti nǹkan bí 1930 sí 1931, ẹ́ńjìnnì kan jáde tó ń jẹ́ JAP, ilé iṣẹ́ J.A. Prestwich ní Tottenham ló ṣe é, Tottenham tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé báyìí. Ó fúyẹ́, agbára ẹ̀ máa ń yára dé, wọ́n lè ṣe máṣìnì tó kúrú sí i yí i ká. Máṣìnì kúrú nínú pápá kékeré, ẹsẹ̀ iwájú ló bá a lọ, kí ráídà na ẹsẹ̀ òsì síwájú pẹ̀lú bàtà irin nísàlẹ̀ ẹ̀, kó jókòó lé máṣìnì lórí dáadáa. Àwọn tó ń na ẹsẹ̀ sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í tán díẹ̀díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Tottenham yẹn ni àwọn ọmọ Australia ń dì mẹ́rù padà sílé, wọ́n sì ń gùn ún níbi gbogbo títí di àwọn ọdún 1960. Mo ti tú ọ̀kan palẹ̀ rí fún bàbá kan, mo sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tò ó padà, nǹkan tó rọrùn láti lóye ni, kò sí àṣejù kankan nínú ẹ̀. Àwọn ọmọ Milne àti Lamoreaux tó gba gbogbo ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 1937 yẹn, pápá ibí ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ líìgì, Jack ní New Cross, Cordy ní Hackney, Lamoreaux ní Wimbledon.

Kí n má gbàgbé, torí ọmọ obìnrin ló fẹ́ kọ ọ́: Fay Taylour, ọmọ Ireland, bẹ̀rẹ̀ sí í sá a pẹ̀lú àwọn ọkùnrin ní England ní 1928, kò dúró kí ẹnikẹ́ni pè é, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Australia àti New Zealand, ó sì ń na àwọn ọkùnrin ibẹ̀. Àlejò lòun náà, ọ̀nà tirẹ̀ kàn lọ sí òdìkejì ni. Ní 1930 wọ́n ṣòfin pé obìnrin ò gbọ́dọ̀ sá a mọ́ ní England. Inú mi kì í dùn tí mo bá dé ibí yẹn nínú ìtàn yìí, torí ohun tó ṣe fi hàn pé bí ara bá ti kọ́ ọ, ara ti kọ́ ọ nìyẹn.

Eré náà sì ń pa èèyàn. Tom Farndon tí mo dárúkọ lókè, New Cross yín yẹn náà ló ti ṣubú ní August 1935, òun àti Ron Johnson ló kọlu ara wọn, kò sì yè é. Ní January 1950, Ray Duggan àti Norman Clay kú nínú ìdíje kan náà ní Sydney. Ẹni tó bá ń sọ pé owó nìkan ló kó wọn wá, kó rántí pé gbogbo wọn mọ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀, wọ́n sì tún wọ ọkọ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì náà àwọn àlejò ò dáwọ́ dúró, Jack Young láti Adelaide gba ipò kìíní àgbáyé ní 1951 nígbà tó ṣì ń gùn fún Edinburgh tó wà ní ìpele kejì, ó tún gbà á ní 1952, lẹ́yìn náà ni Ronnie Moore tí wọ́n tọ́ dàgbà ní New Zealand, ó ń gùn fún Wimbledon, ó gbà á ní 1954 àti 1959.

Ó ku Ron Johnson. Tí ọmọ bá fẹ́ kọ nípa ẹnì kan ṣoṣo, òun ni kó kọ, kì í ṣe Jack Milne. Bàbá ìsàlẹ̀ yín á sọ pé ará Australia ni, gbogbo ìwé ìròyìn nígbà yẹn náà pè é bẹ́ẹ̀, tíìmù Australia ló sì ń gùn fún. Àmọ́ Scotland ni wọ́n bí i sí, ní Duntocher, àwọn òbí ẹ̀ ló gbé e lọ sí Western Australia ní kékeré, Claremont ní Perth ló ti kọ́ máṣìnì, ó wá bá àwọn Hoskins padà sí Britain ní 1928 gẹ́gẹ́ bí àlejò. Ó gùn ní Crystal Palace, nígbà tí tíìmù kó lọ sí New Cross ó bá wọn lọ, lẹ́yìn ogun ó ṣì wà níbẹ̀ tó ń ṣe kápíténì, títí ó fi ṣubú ní 1949 ní Wimbledon tí agbárí ẹ̀ fọ́, kò sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi yí agbada yẹn ká, níbi tí ọmọ ẹ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní kó lọ bi bàbá ìsàlẹ̀ bóyá ó rí Ron Johnson lójú ara ẹ̀ rí. Tó bá rí i, kí ó kọ ohun tí bàbá bá sọ sílẹ̀ lọ́rọ̀ lọ́rọ̀, kó má gé e kúrú, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fún olùkọ́ ẹ̀ kà.